Irin Ilé Wa: Iná àti Omi Ni Agbára Rẹ̀

Kì í ṣe ìròyìn àjèjì mọ́ ní orílẹ̀-èdè wa pé ilé wó, ó sì pa ènìyàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ẹ̀mí tí ó lé ní 40 sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹ̀kọ́ kan ya lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Jos, àwọn tí ó kú sì lé ní 20. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀, sìmẹ́ńtì àti ìwé àṣẹ ni ó máa ń gba gbogbo ẹnu kan. A kò wí pé irin ni ó wó ilé méjèèjì yìí. Ohun tí a ń wí ni pé irin ni egungun ilé, síbẹ̀ a kì í sábà béèrè bí a ti ṣe é.

Alágbẹ̀dẹ mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Bí ó bá fẹ́ kí ojú àdá mú, a fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n, a sì rì í bọ omi lójijì. Irin náà a le koko. Bí ó bá jẹ́ kí ó tutù jẹ́jẹ́ nínú eérú, a rọ̀. Irin kan náà ni, ìwà rẹ̀ ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n líle nìkan kò tó: irin tí a rì bọ omi, tí a kò sì tún fi iná yá díẹ̀, lè ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òde òní ń lò. Bí ọ̀pá irin bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tí ó gbóná tó dígírì 900 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó tú omi lé e lára fún ìgbà díẹ̀. Awọ rẹ̀ a le lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a ṣì pọ́n. Ooru inú a wá padà jáde, a sì yá awọ náà ní nǹkan bí dígírì 600. Nípa bẹ́ẹ̀ irin a ní awọ líle tí ó lè ru ẹrù, àti inú tí ó lè tẹ̀ láìṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí irin tí ń tẹ̀ a máa kìlọ̀ fún onílé: ògiri a kọ́kọ́ lanu. Irin tí ń ṣẹ́ kì í kìlọ̀.

Ẹ wo ewu tí ó wà níhìn-ín. Bí a bá fi iná gáàsì yan ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀, líle awọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ojú lásán kò sì lè rí i. Ibi tí iná kàn kò sì ní ìwà kan náà mọ́ pẹ̀lú ibi tí kò kàn. Bí omi iyọ̀ bá bá wọn, apá kan lè máa dógùn-ún kánkán ju èkejì lọ. Kọnkéré tí ó dára a máa dáàbò bo irin, ṣùgbọ́n iyanrìn òkun tí a kò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò a máa ba ààbò náà jẹ́. Ìpáàrà sì ń wú ju irin tí ó jẹ lọ, títí yóò fi la kọnkéré láti inú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba pẹ̀lú. Irin àlòkù ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ń yọ́, èyí tí àdàlù inú rẹ̀ kì í dọ́gba. Iná àti omi kan náà kò sì lè mú èsì kan náà wá lára irin tí ó yàtọ̀. A dá ilé-iṣẹ́ Ajaokuta sílẹ̀ ní ọdún 1979 kí a lè máa yọ́ irin láti inú òkúta tiwa. Títí di ọdún 2024, ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin kankan.

Àjọ SON ní òṣùwọ̀n fún irin ìkọ́lé, tí a ń pè ní NIS 117. Òṣùwọ̀n inú ìwé kò ru òrùlé. A fẹ́ kí a máa fa ọ̀pá láti inú ọjà, kí a máa tẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì máa kéde èsì pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é. A fẹ́ kí àwọn ẹnjiníà fi òfin de iná gáàsì lára irin ní ibi ìkọ́lé. Ẹ̀yin tí ń kọ́lé, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò irin kí ẹ tó sanwó.

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà: ẹ̀mí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ irin yìí.