Kì í Ṣe Gbogbo Rọpárọsẹ̀ Ni Ọfà Ayé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, bí ẹnìkan bá ṣubú lójijì ní agboolé wa, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ rọ, ohun tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé, "Ayé ti ta á lọ́fà." Ojú gbogbo ilé á sì yí sí ìyálé, tàbí ìyá àgbà tó jókòó jẹ́jẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn dókítà mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba atẹ́gùn nínú ẹ̀dọ̀fóró a máa ṣàn wọ inú ọkàn, kí ọkàn tó tú u ká ara. Nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró a tọ iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí wọ inú ọkàn. Bí ègé kan bá já lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ á sì dé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí jẹjẹrẹ náà tàn dé ọpọlọ fúnra rẹ̀, kó fa orí fífọ́ àti gìrì. Ta ló ta ọfà níbẹ̀?

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé kò sí ọ̀tá ni?" N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ̀sùn ohun tí kò rí kan ìyá arúgbó ti rú òfin kẹsàn-án. Àrùn a pa ẹnìkan, ẹ̀sùn a tú agboolé ká. Nínú Jòhánù orí 9, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń wá. Jésù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó la ojú afọ́jú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta dá aláìsàn dúró sílé. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì. Ẹ gbé e lọ sí UCH, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odéku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962, kí ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Ikọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, kì í ṣe ọ̀ràn àgbo nìkan. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ àyà wò. Ẹni tó ń fa sìgá, kó jáwọ́: òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ, bó tilẹ̀ ń mú ẹni tí kò fa sìgá rí.

Kí Olúwa wo aláìsàn wa sàn, kó sì gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ahọ́n wa. Àmín.