Oúnjẹ Àárọ̀ Tí Kò Wúwo Ní Ìkóríta Ọ̀rẹ̀

Ó pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé, "Bàbá, bí a bá kúrò ní Èkó ní ìdájí, tí ọkọ̀ dúró ní Ọ̀rẹ̀, kí la lè jẹ tí kò ní wúwo nínú wa?" Ọ̀rọ̀ náà tó sọ. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò kéré nínú agboolé wa, àwọn awakọ̀ náà sì pọ̀.

Ẹ mọ bí ìkóríta wa ṣe rí. Ibí ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa. Iyán àti ẹ̀bà wà ní búkà láti àárọ̀, búrẹ́dì wà lórí àtẹ, mítípáì àti adìẹ díndín wà ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé. Irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́: 1986 ni Mr Bigg's bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Gala tí àwọn ọmọ ń sáré tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ti wà láti 1962. Mi ò ní kí ẹ sá fún wọn o. Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó mú ni mò ń wí.

Àgbẹ̀ tó jẹ iyán ní Òdìgbó láàárọ̀, tó lọ sí oko kòkó, yóò ti lò ó tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo òróró. Gíráàmù òróró kan ní kálórì 9, ti èròjà ẹ̀kọ tàbí ti ẹran tí kò lọ́ràá jẹ́ 4 péré. Ẹ wo àkàrà àti mọ́ínmọ́ín: ẹ̀wà kan náà ni. Ọ̀kan wọ inú òróró gbígbóná, ó mu ún; ìkejì jinná nínú ewé. Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín kan àti ẹ̀kọ tútù kan ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún arìnrìn-àjò. Àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan náà ń ta mọ́ínmọ́ín, ẹ béèrè. Bí ó bá jẹ́ adìẹ, ẹ mú èyí tí wọ́n yan, tàbí kí ẹ bó awọ rẹ̀. Mítípáì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bọ́tà pò ni. Bó bá wù yín, ẹ jẹ ẹyọ kan, ẹ fi omi sìn ín, ẹ má fi dónọ́ọ̀tì lé e.

Ẹ wo ṣúgà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé yóò dára bí ṣúgà àfikún kò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré 6. Ẹ yí ìgò mínírà padà kí ẹ kà á: gíráàmù 4 ni ṣíbí kan. Ìgò kan ṣoṣo lè gba ti ọjọ́ náà tán. Ògì gbígbóná dára, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ mú. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ inú Indomie náà. Ẹ má da gbogbo àpò èròjà yẹn sí i.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní búrẹ́dì róbótó oníhò kan tí wọ́n ń pè ní bagel. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi nínú wọn tó ègé búrẹ́dì mẹ́rin. Ìdajì rẹ̀ àti ẹyin sísè kan tó àárọ̀. Ti búrẹ́dì Agége tiwa náà nìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tó bá jẹ iyán àjẹyó, oorun ló ń pè. Orí sítíárì kọ́ ni ibùsùn. Ẹ̀mí ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ díẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ yín, bí oorun bá sì ń kùn yín, ẹ páàkì kí ẹ sùn díẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: oúnjẹ fífúyẹ́ kì í ṣe àìjẹun. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi ebi rìn. Ohun tí dókítà bá sọ fún un ni kó tẹ̀ lé.

Ní ìparí, ẹ béèrè ohun tó wà nínú mọ́ínmọ́ín kí ẹ tó fi kan ẹnu. Ẹlòmíràn ń fi ẹja sí i, ẹlòmíràn edé, ẹlòmíràn ẹyin. Oníkálukú ló mọ èèwọ̀ rẹ̀. Ìtìjú ò sí nínú ìbéèrè.

Kí oúnjẹ tí a bá jẹ máa gba ibi ire lára wa. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Àbọṣíṣẹ o.