Gìrìpá Ọmọ fún Ọwọ́ Ẹ̀yìn: Ká Mú Un ni, àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ará wa tí wọ́n ti Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká lọ fi Àbíjáàn ṣe ilé, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, mọ àdúgbò Riviera bí ẹni mowó. Abẹ́ Cocody ló wà, etí ọ̀sà Ébrié ló sì parí sí. Ní abúlé M'Pouto, ní Riviera yìí kan náà, ni ibùdó tí wọ́n ń pè ní Sol Béni wà, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ASEC Mimosas ti ń tọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ tó bá rí ibẹ̀ wọ̀, ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, bó ṣe ń kàwé ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí òbí tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fi máa ń fẹ́ kí ọmọ òun débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wí pé ibùsùn ẹyọ kan ló kù, tí ọmọ méjì sì dúró níwájú àwọn olùkọ́. Èkínní jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọmọ Èjìgbò ni bàbá rẹ̀, Adjamé ló ti ń tajà. Ọmọ náà ti ga ju bàbá tó bí i lọ, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè wá, orí rẹ̀ ló ń bá. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìnira ni. Bí ọmọ kékeré kan bá tàn án kọjá lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ ni yóò fi fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ kejì kéré, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e, àmọ́ bọ́ọ̀lù ń gbọ́ tirẹ̀ bí ajá ti ń gbọ́ ti olówó rẹ̀. Ta ni kí wọ́n mú?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà pé ọmọ kékeré ni, ẹ̀rí wọn kò sì kéré. Láàrin ọdún 1993 sí 1994 ni Jean-Marc Guillou, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú Roger Ouégnin, ààrẹ ASEC. Ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Guillou ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù dunjú. Kì í fi ọ̀pá wọn ọmọ. Ní oṣù kejì ọdún 1999, nígbà tí ASEC fẹ́ bá Espérance ti ilẹ̀ Tùnísíà du ife Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní Àbíjáàn, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n kó wọ pápá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ogún ọdún. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n fẹ́ kó ẹran fún ẹkùn ni. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni àwọn ọmọ náà na Espérance. Láti inú ọgbà yẹn ni Yaya Touré, Didier Zokora, Aruna Dindane, Salomon Kalou àti Gervinho ti jáde, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn sì fi là, kì í ṣe ìbú èjìká.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹ̀yìn le ju ti ọwọ́ iwájú lọ. Ẹni tó ń gbá iwájú lè pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, bó bá gbá ẹ̀kẹwàá sáwọ̀n, wọn yóò gbé e lé èjìká yí pápá ká. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lè dínà ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹ̀kẹwàá tó ṣì í ṣe ni wọn yóò fi máa pe orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Nítorí náà, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sọ pé ọmọ kan 'léwu', góòlù tí yóò jẹ nítorí ọmọ náà ló ń rò.

Síbẹ̀, èmi kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n fi gìrìpá ọmọ yẹn sílẹ̀.

Kolo Touré ni ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́, ọmọ Sol Béni náà ni. Arsène Wenger tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal nígbà náà ti ṣe igbákejì Guillou rí ní Cannes, nílẹ̀ Faransé, fún ìdí èyí kò ṣòro fún un láti gbọ́ ohun tó ń lọ ní Riviera. Wọ́n pe Kolo wá sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n fi dán an wò. Ray Parlour tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal nígbà náà ti sọ ìtàn ọjọ́ náà ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà: Kolo fi ẹsẹ̀ gbá Thierry Henry lulẹ̀, ó gbá Dennis Bergkamp lulẹ̀, nígbà tó sì yá, ó gbá Wenger fúnra rẹ̀, ni ọ̀gá bá ń tiro jáde. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọkọ̀ òfuurufú ni wọn ìbá fi dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Wenger ní kí wọ́n mú un wá fún òun. Ní ọdún 2002, nǹkan bí 150,000 pọ́n-ùn ni Arsenal san lé e lórí, owó tí kò tó nǹkan kan lọ́jà bọ́ọ̀lù.

Wọn kò sì sáré fi í sí àárín ọwọ́ ẹ̀yìn. Sáà kan gbáko ni wọ́n fi ń gbé e káàkiri pápá, lónìí àárín, lọ́la ẹ̀gbẹ́, kó tó di pé ní ọdún 2003 wọ́n wá gbé e ti Sol Campbell. Sáà tó tẹ̀ lé e, 2003 sí 2004, Arsenal gbá ìdíje 38 nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Ohun tí Wenger rí lára ọmọ yẹn ni pé àléébù àpọ̀jù ni tirẹ̀. Èyí tó pọ̀jù ṣeé gé. Èyí tí kò sí rárá ni kò ṣeé fi ọ̀bẹ wá.

Ẹnì kan lè wí pé Kolo kì í ṣe òmìrán, òótọ́ sì ni. Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tóbi, ọmọ tiwa. Ní ọdún 1985, Stephen Keshi ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún New Nigerian Bank ní Benin City, gìrìpá géńdé ni. Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fìyà jẹ ẹ́, wọ́n ní ó pẹ́ dé ibùdó ìgbaradì, wọ́n dá a dúró. Olórí kunkun, wọ́n ní. Ta ni yóò mú ẹni tí ìjọba bọ́ọ̀lù ilẹ̀ rẹ̀ ti lé síta? Àbíjáàn ló mú un. Stade d'Abidjan kọ́kọ́ gbà á, Africa Sports gbà á lọ́wọ́ wọn, láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Lokeren ní Belgium, ó sì dé Anderlecht, níbi tó ti gba ife líìgì ní ọdún 1991. Ọ̀nà tó là ni àwọn mìíràn tọ̀. Rashidi Yekini náà kúrò ní Abiola Babes ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1987, ó gba Africa Sports ní Àbíjáàn lọ kó tó dé Yúróòpù. Orí kunkun tí wọ́n ń bẹ̀rù lára Keshi yẹn náà ló di balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ní Túnísì ní 1994, òun náà ló sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tún gbà á ní 2013.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ti ẹ̀yìn ọ̀la. Odilon Kossounou, ọmọ ASEC, ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa. Ní ọdún 2019 ló lọ sí Hammarby ní Sweden, láàrin ọdún yẹn kan náà ló dé Club Brugge, ọdún kẹta ó dé Bayer Leverkusen ní Jámánì. Ẹ wá gbọ́ bí ewu ṣe rí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà tí Côte d'Ivoire gbà lálejò, wọ́n pàdé Mali ní Bouaké. Kossounou fa pẹnáríìtì kan sí wọn lọ́rùn láìpẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ amùlé wọn, Yahia Fofana, tó gbá a dànù. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, rẹfirí fún un ní káàdì kejì, ó di èrò ìta. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n fi gbá ìyókù, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n sì fi yọ, méjì sí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará Àbíjáàn bóyá ó yẹ kí wọ́n mú ọmọ gíga yẹn, èsì tí ẹ óò gbọ́ kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Côte d'Ivoire na Nàìjíríà tiwa, wọ́n gba ife (ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn púpọ̀), Kossounou sì wà nínú ikọ̀ náà. Ní ọdún yẹn kan náà, Leverkusen gba líìgì Jámánì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n, òun náà wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń já sí ayọ̀. Eric Bailly tí wọ́n bí ní Bingerville, ìlú tó bá Riviera pààlà, ni Manchester United san nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé lórí ní 2016, ṣùgbọ́n ìfarapa kò jẹ́ kí wọ́n rí i lò bí wọ́n ti fẹ́.

Ibi tí mo rò pé ewu gan-an wà kò sí lára ọmọ. Ara ọmọ tó tètè dàgbà máa ń tan olùkọ́ jẹ. Ní ọmọ ọdún 14, gíga nìkan ti tó láti fi borí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ tó fẹ́ borí lọ́jọ́ Sátidé yóò kàn fi í há ẹ̀yìn, yóò ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù sígbó. Ọmọ kò ní kọ́ nǹkan kan. Nígbà tó bá di ọmọ ọdún 17, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti ga bá a, gíga kò ní jẹ́ ohun ìyàtọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà bó ti wà. Nígbà náà ni wọn yóò sọ pé ọmọ náà kò wúlò. Àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ máa bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí láti ọdún 2009, nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ tó wáyé ní Nàìjíríà níbí, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ, ọmọ tó bá sì tóbi ni ojú kọ́kọ́ ń lọ bá.

Nítorí náà, kí Sol Béni mú un, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta, kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti Guillou, kí wọ́n fi í sí àárín níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń wá láti ọ̀tún àti òsì, kí ó ṣìṣe níbi tí àṣìṣe kò ti dọ́gba pẹ̀lú góòlù. Ìṣirò ẹgbẹ́ kò le. Ibùsùn, oúnjẹ àti olùkọ́ ni wọ́n ń ná. Bí ọmọ bá là, òfin FIFA ní kí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ń rà á láti ilẹ̀ kan sí òmíràn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Gìrìpá kan tó là lè bọ́ ogún ọmọ tí kò là.

Ìṣirò bàbá tó wà ní Adjamé yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní tó ga bẹ́ẹ̀, ìdá 5 yẹn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan, tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọn yóò fi kọ ọ́, kó ní kí wọ́n fi kíláàsì tí ọmọ yóò ti máa kàwé han òun, kì í ṣe pápá nìkan, kó sì béèrè ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń mú àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe. Kó béèrè ẹni tí yóò san owó ìwòsàn bí orúnkún bá yẹ̀. Kó béèrè pé bí wọ́n bá ní kó máa lọ ní ọmọ ọdún 17, oṣù mélòó ṣáájú ni wọn yóò sọ fún un. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èjìgbò, ní Ìbàdàn àti ní Mushin, tí alágbàtà kan sì ń sọ fún pé kí ẹ kó ọmọ ọdún 15 fún òun lọ sí Àbíjáàn, òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ré kọjá sí ilẹ̀ mìíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àfi lórí ìdí díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ oníṣòwò Adjamé lè wọ abẹ́ èyí. Ọmọ tí alágbàtà dá nìkan kó sínú bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ tó bá sì tẹ̀ lé òfin kò ní lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó ga tó.