Ọkọ̀ Àlòkù: Kí A Tó Ka Owó Lé Ọlọ́jà Lọ́wọ́

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, bí a bá ti yọ ilẹ̀ àti ilé kíkọ́ kúrò, kò sí ohun tí a ń rà tí owó rẹ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àjọ tí ìyàwó dá, ẹ̀yáwó tí ọkọ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àti èyí tí a yọ nínú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni a ń kó jọ. Bí a bá sì fi ra ẹ̀rọ tí ó ti kú sára, gbèsè náà yóò wà síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti di ohun tí koríko ń hù lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí bàbá àti ìyá jọ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Tòkunbọ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pe ọkọ̀ tí a ti lò ní òkè òkun, orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó sì padà wálé. Orúkọ náà dùn; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ìdálẹ̀ bọ̀ lè gbé àrùn bọ̀ pẹ̀lú. Ìwé ni kí a kọ́kọ́ bèèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin dè é pé ebúté ni kí ọkọ̀ máa gbà wọlé, kì í ṣe ibodè orí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí a kò san owó ibodè lé lórí, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣe òun ni ó kó o wọ ìlú.

Ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 wá ní àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a pa pọ̀, lẹ́bàá dígí iwájú ní ìhà awakọ̀, àti lára òpó ilẹ̀kùn. Kí ti ibi méjèèjì àti ti inú ìwé bára mu pátápátá. Àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀: A ni 2010, C ni 2012, F ni 2015. Bí ọlọ́jà bá ní ọdún 2015 ni, tí ojú yín sì rí C, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná ọjà. A sì lè fi àmì yìí kan náà san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ka ìtàn ọkọ̀ náà, bí ó bá ti forí gbá, tàbí bí àwọn adójútòfò bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ọkọ̀ tí omi ti bò rí. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Houston ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó rì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń tà ní gbàǹjo ní owó pọ́ọ́kú, tí a ń fọ̀, tí a sì ń kùn. Ní oṣù àkọ́kọ́ kò ní ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ìpẹtà yóò jẹ wáyà, tí iná yóò máa kú lójijì ní òru, tí àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ọmọ yín là kò sì ní tú. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun, nítorí ẹni tí ó fọ ọkọ̀ a máa gbàgbé èyí tí ó ká sínú ihò. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo irin ìjókòó, ẹ sì wo ihò tí táyà àpamọ́ wà. Bí òórùn lọ́fínńdà bá ti ń pa yín kí ẹ tó jókòó, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí a fi í bò.

Òwúrọ̀ ni kí a lọ, kì í ṣe alẹ́, kì í sì í ṣe inú òjò, nítorí omi a máa bo àbùkù ọ̀dà mọ́lẹ̀. Kí ọlọ́jà má tan ọkọ̀ kí a tó dé. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gbóná, ó ti fi nǹkan pamọ́. Òróró ẹ́ńjìnnì tí ó funfun bí kófì onímílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni ti ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ òróró. Aago máìlì kò ṣòro láti yí padà, nítorí náà ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bírékì: bí ó bá ti jẹ tán nínú ọkọ̀ tí a ní kò rìn púpọ̀, irọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà júwe. Kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un ṣáájú, yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á, kí ó má baà sí ohun tí yóò jẹ nínú pé ẹ rà á. Bí a bá sì ń wà á wò, kí ìyá jókòó sẹ́yìn, kí ó dákẹ́, kí ó máa fetí sí ìró abẹ́ ọkọ̀. Bàbá tí ó di sítíárín mú ti ń rí ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́.