Iṣẹ́ Kékeré Kò Gbọdọ̀ Tò Sẹ́yìn Iṣẹ́ Ńlá

N óò sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: kíkó gbogbo iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà sórí ìlà kan ṣoṣo jẹ́ àṣà tó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wo oníbàárà tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. OTP, nọ́ńbà àṣírí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló ń retí. Kíá ni OTP ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ ìnáwó òpin oṣù, tó máa gba ìṣẹ́jú 20, ni a tò ó sí. Kó tó kàn án, kò wúlò mọ́. Oníbàárà á tún tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ mìíràn á tún gun orí ìlà.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ fi òṣìṣẹ́ kún un." Ìyẹn ni kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí òṣìṣẹ́, ìyẹn ètò tó ń mú iṣẹ́ orí ìlà ṣe, bá di 20, àkọsílẹ̀ 20 tó wọlé pọ̀ á gba gbogbo wọn. Nínú Celery, irinṣẹ́ tó ń pín iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ọ̀ràn náà tún le sí i: bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, òṣìṣẹ́ a máa bu iṣẹ́ 4 pamọ́ fún process kọ̀ọ̀kan tó ní. Iṣẹ́ kékeré tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ńlá ti dè mọ́lẹ̀ á jókòó síbẹ̀, bí àwọn yòókù kò tilẹ̀ rí nǹkan ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nílẹ̀. task_routes ni Celery fi ń yan ìlà fún iṣẹ́. -Q la fi ń sọ ìlà tí òṣìṣẹ́ yóò máa wò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìpín. Wọ́n á pín in ní ẹ̀ka-ẹ̀ka: ti ìmeèlì, ti owó, ti fọ́tò. Ìmeèlì ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ àti ìmeèlì ìpolówó ọjà kì í ṣe ẹgbẹ́! Bí iṣẹ́ ti lè dúró pẹ́ tó ni kí a fi pín in: èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5, èyí tó lè di ọ̀la. Nígbà náà, orúkọ ìlà ti di àdéhùn. Bí iṣẹ́ bá pẹ́ jù ú lọ, kí ìkìlọ̀ dún: òṣìṣẹ́ kò tó, tàbí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wo ìlà náà.

Wọ́n á ní owó ń ṣòfò bí òṣìṣẹ́ ìlà kíákíá bá wà láìríṣẹ́ ṣe. N kò gbà. Àyè tó ṣófo yẹn gan-an la ń sanwó fún. Ẹ má gba iṣẹ́ tuntun kankan wọlé láìbéèrè bó ti lè dúró pẹ́ tó. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá lè dáhùn, ẹ dá a padà fún un.