Máàpù nìkan kò lè gba ìlú: Ẹ̀kọ́ tí òkè Freetown kọ́ aráyé

Ní ìdájí ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Freetown, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Sierra Leone, tí Yorùbá ń pè ní Sàró. Ẹrẹ̀ àti àpáta bo àwọn ilé mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lójú oorun. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,100.

Òjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Lóòótọ́, òjò tó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà ju mílímítà 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n ṣáájú òjò náà ni wọ́n ti gé àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú, tí wọ́n sì ti kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti etí odò.

Irú ewu báyìí ṣe é fojú rí kó tó dé. Àwọn onímọ̀ a máa wo bí òkè ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, irú iyẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti ya rí àti ibi tí igbó ti tán. Wọn a sì fi gbogbo rẹ̀ ya máàpù. Ṣùgbọ́n máàpù tó mọ sí orí òkè kò tó. Ẹrẹ̀ Regent gba ojú odò Babadorie sọ̀kalẹ̀ dé Lumley, lẹ́bàá òkun, ó sì pa àwọn tí kò gbé nítòsí òkè rárá. Gbogbo ilẹ̀ tí omi òkè ń ṣàn gbà ni ó yẹ kí máàpù kó pọ̀.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, Báńkì Àgbáyé ṣe ìrànwọ́ láti ya máàpù ewu fún Freetown, Makeni àti Bo. Ìṣòro tó kù kì í ṣe ti ìmọ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí máàpù pè ní eléwu gan-an ni owó tálákà ká. Bí ìjọba bá lé wọn láìfún wọn ní ibòmíràn tó súnmọ́ ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn, wọn yóò padà síbẹ̀. Bí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ kò bá sì wo máàpù, ìwé lásán ni.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òjò a máa rọ̀ lọ́dọọdún. Kò ní dúró de ìjọba tó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la.