Ọgbà Ilé: Irú Igi Ẹ̀gbà

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan tí ń yan ẹja bi wá ní ìbéèrè tí ó mú wa dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ọsàn àti kòkó àwọn ará òkè ni ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣáá. Àwa tí ilẹ̀ wa jẹ́ ẹrẹ̀, tí omi wa sì jẹ́ omi iyọ̀, kí ni kí àwa gbìn?" A dá a lóhùn pé igi tí ó fi ń dáná lábẹ́ ẹja rẹ̀ gan-an ni, èyíinì ni igi ẹ̀gbà, tí ń fi gbòǹgbò gíga dúró nínú omi bí ẹni tí ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé a máa ń gbin igi náà.

Ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí ń fara da yìnyín. Èèpo irú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbìn ín a kọ́kọ́ jẹ́ kí òtútù mú un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ òmíràn a tún sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ó tó hù. Irú ẹ̀gbà kì í sùn rárá. Orí ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù; ọ̀mùnú a yọ láti inú èso, a sì sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀pá tútù, òmíràn a gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Bí ó bá gbó, a já sínú omi, a sì máa léfòó kiri títí yóò fi bá ẹrẹ̀ pàdé. Bí ó bá sì ti fìdí múlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a máa sẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iyọ̀ omi kí ó tó gòkè sínú igi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó ṣa èyí tí ó já fúnra rẹ̀, tàbí èyí tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ láì fà á tipátipá. Èyí tí kòkòrò ti lu, kí ó sọ ọ́ nù. Kí ó kó ìyókù sí ibòji, kí ó má jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Nígbàtí omi bá fà, kí ó ti ìdí tí ó ṣe ṣóńṣó bọ inú ẹrẹ̀ dé ìdá mẹ́ta gígùn rẹ̀, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ó sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí àárín ọ̀kan àti èkejì. Kò sí ebè, kò sí ajílẹ̀.

Ibi tí a ó gbìn ín sí ni iṣẹ́ wà. Àwa fúnra wa ti ṣìnà níbẹ̀, nítorí a kó irú kún inú ọkọ̀ kékeré kan, a sì gbìn ín sí iwájú òkun gbangba, ní ìrètí pé yóò dá ìgbì dúró. Kí oṣù tó parí, a kò rí ẹyọ kan. Etí òkun Máhìn kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, òkun sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó mọ Àyétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti wọ inú omi. Iṣẹ́ ìjọba ni òkun yẹn, kì í ṣe ti irúgbìn. Ní erékùṣù Philippines pẹ̀lú, púpọ̀ nínú irú tí a gbìn kú nítorí pé a gbìn ín sí ibi tí omi bò jù. Etí odò kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí omi ń kún tí ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ni kí ẹ lọ.

Ẹ má sì ṣe fi ọ̀pẹ omi tí a kó láti Singapore wá sí Calabar ní 1906 dípò rẹ̀. Èso tirẹ̀ náà ń léfòó, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá gbà, ẹ̀gbà kì í tún rí àyè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún ẹja yíyan.

Ìyá wa ṣa agbọ̀n kan, ó sì gbìn wọ́n sí ẹ̀bá ibi tí ó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbàtí a kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ewé méjì méjì ti yọ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Akàn ti jẹ mọ́kànlá. Ó ní òun ti tọ́jú òmíràn sábẹ́ ẹní tútù, òun yóò fi wọ́n dípò bí omi bá tún fà.